Ọgbọ́n Tí Wọ́n Fi Dá Ìyá Mi Dúró

Iṣẹ́ mi ni láti kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì ní ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́ ń pè ní ọgbọ́n. Bí mo bá sọ ọ́ nílé wa ní Ìlọ́bù, wọ́n máa ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú àwọn àbúrò bàbá mi tiẹ̀ bi mí bóyá ọ̀wọ́n ọgbọ́n ló dé bá Ìlọ́bù tí mo fi ń lọ ra ti òyìnbó. Mo dìde kúrò níbẹ̀. Inú mi tètè máa ń bí, mo sì mọ ara mi.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí mò ń wí yìí gbà pé ẹni tí kò bá tíì la ọ̀pọ̀ ìgbà òtútù, tí wọ́n fi ń ka ọjọ́ orí, kọjá kò lè gbọ́n. Ọlọ́gbọ́n lójú wọn ni ẹni tó lè ti ọkàn rẹ̀ pa bí àpótí, tí kì í sọ ohun tó ń dùn ún. Àwọn tó ń gba ọba nímọ̀ràn, “àwọn tó mọ̀” ni wọ́n ń pè wọ́n, obìnrin ò sì wọ́pọ̀ láàárín wọn. Síbẹ̀, bí wọ́n bá fẹ́ ya àwòrán ọgbọ́n fúnra rẹ̀, obìnrin ni wọ́n sábà máa ń yà. Nígbà tó yá, inú ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe ọlọ́gbọ́n náà ni wọ́n ti yọ orúkọ oṣó. Èyí ò yà mí lẹ́nu rárá. Obìnrin tó bá dàgbà tó sì gbọ́n ládùúgbò wa, ẹ̀yin náà mọ ohun tí wọ́n ń pè é.

Ọmọ Ìfọ́n ni ìyá mi. Ìlọ́bù ló wá lọ́kọ sí, ibẹ̀ náà ló ti di opó. Ìlú méjèèjì súnmọ́ra débi pé nígbà tí mo wà ní kékeré, á lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láàárọ̀, á sì ti dé kí a tó dáná ọ̀sán. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí ìlú méjèèjì ń bá ara wọn fà ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Látìgbà tí ìjà ilẹ̀ náà ti tún rú, orí fóònù ni tẹ̀gbọ́n tàbúrò ti ń kíra wọn. Nígbà tó ṣe, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò pè mọ́. Bí a bá pè é, á dún títí á fi dákẹ́. Ìyá mi ò jẹun bó ṣe yẹ mọ́. Ó ní òun ò fẹ́ kí ikú ya àwọn láìfojú kanra.

Àwọn àgbà ilé bàbá mi bá pe ìpàdé. Wọ́n ní bó bá lọ sí Ìfọ́n nírú àkókò yìí, àwọn kan á sọ pé ó lọ tú àṣírí ìlú ni. Wọ́n ní ẹni tí kò gbé fóònù ti sọ ohun tó wà níkùn rẹ̀. Òwe ń lé òwe. Wọ́n ní ọgbọ́n ni kó jókòó jẹ́ẹ́. Ìyá mi kúnlẹ̀, ó ní òun ti gbọ́.

Èmi ò gbọ́. Nílé wa, bí ọmọdé bá fẹ́ pa òwe lójú àgbà, àyè ló máa kọ́kọ́ tọrọ. Àgbà á wá dá a lóhùn pé á rí òmíràn pa. Bí wọn ò bá dáhùn, ó ti bú wọn nìyẹn. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, ọmọdé ṣì ni mí nínú pálọ̀ yẹn. Mo kúnlẹ̀.

“Tótó ó ṣe bí òwe o, ẹ̀yin bàbá mi. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí wọ́n pe àgbà ní wèrè.”

Ẹnikẹ́ni ò dáhùn. Olórí ẹbí gbójú sókè, ó ń wo fáànù. Gbogbo wọn ń dúró kí n bẹ̀bẹ̀. Mi ò bẹ ẹnikẹ́ni. Mo dìde, mo ní kí ìyá mi lọ mú ìborùn rẹ̀.

Olórí ẹbí ní, “Bí o bá gbé e jáde nílé yìí, má pè wá sí ọ̀rọ̀ rẹ mọ́.”

Mo ní mo ti gbọ́.

Ẹ̀rù bà mí lọ́nà Ìfọ́n, mi ò ní purọ́. Ìyá mi di ìborùn rẹ̀ mú nínú ọkọ̀. Àmọ́ àwọn obìnrin tó ń sá gbágùúdá lẹ́bàá ọ̀nà ò tiẹ̀ wò wá lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó síwájú ilé. Ìyá mi kúnlẹ̀ kí i. Obìnrin náà yíjú, ṣùgbọ́n ibi tí a wà kọ́ ló yíjú sí. Ó nawọ́, ó ń wá orí àbúrò rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́, títí ọwọ́ rẹ̀ fi bà á.

“Mò ń gbọ́ tí fóònù ń dún,” ó ní. “Èyí táwọn ọmọ rà fún mi ò ní bọ́tìnnì, mi ò mọ ibi tí màá tẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni ojú yìí ń lọ. Gbogbo ìgbà tó ń lọ, ọ̀nà ni mò ń wò. Kí ló dá ẹ dúró?”

Ìyá mi ní, “Wọ́n ní ká fọgbọ́n ṣe é, ẹ̀gbọ́n mi.”

Títí di òní, àwọn àgbà ilé ṣì ń retí kí n wá tọrọ àforíjì. Mo ti ránṣẹ́ sí wọn pé ẹ̀bẹ̀ kan wà tó ṣáájú tèmi. Kí wọ́n kọ́kọ́ lọ bẹ obìnrin náà ní Ìfọ́n, kí wọ́n sì gbóhùn sókè tí wọ́n bá débẹ̀, torí kò ní rí ìdọ̀bálẹ̀ wọn.