Àdín Àgbọn Tí Mo Fi Pa Ìbọn

Tí ẹ bá fẹ́ mọ bí iyọ̀ òkun ṣe ń jẹ irin, ẹ wá sí etíkun wa kí ẹ wo páànù ilé. Páànù tuntun kì í pẹ́ rárá kó tó di ajẹ̀rẹ̀. Ìṣó a máa rà nínú pákó nígbà tí pákó fúnra rẹ̀ ṣì le. Ibi tí wọ́n wá gbé ìbọn arọ̀jò-ọta sí nìyẹn, wọ́n sì ní èmi ni kí n máa tọ́jú rẹ̀.

Èmi ni wọ́n gbé e fún nítorí pé ọmọ ibẹ̀ ni mí. Àwọn ṣójà yòókù ní ibùdó wa, ará òkè ni gbogbo wọn. Bí ọkọ̀ bá ti mì díẹ̀, wọ́n á dì mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ bí ẹni dì mọ́ ìyá rẹ̀. Ọ̀gá wa, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ipò, pè mí lọ́jọ́ kìíní, ó ní, "Ìwọ lo mọ omi yìí. Ìbọn yìí, ìyàwó rẹ ni." Inú bí mi díẹ̀, nítorí mo ní ìyàwó nílé, ṣùgbọ́n mo ní, "Ó dáa, sà."

Orí òpó ni wọ́n kọ́ ibùdó náà sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà omi tí àwọn ọkọ̀ èrò ń gbà láti Ararọ̀mí wá sí Màhíntẹ̀dó. A gbé ìbọn sí iwájú, lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta, àpò iyanrìn yí i ká, ó ń wo odò. Láràárọ̀ ni mo ń tẹ́ tapólì sílẹ̀ tí mo ń tú u palẹ̀: ìdérí rẹ̀, sípíríǹgì rẹ̀, bóòtù tó ń sáré lọ sáré bọ̀ nínú ikùn rẹ̀, ọ̀pá gígùn tí ọta ń gbà jáde. Mo máa ń ti aṣọ funfun bọ inú ọ̀pá náà, mo máa ń fà á jáde, mo máa ń tún tì í wọlé, títí aṣọ á fi jáde bó ṣe wọlé. Búrọ́ọ̀ṣì kékeré kan wà tí mo fi ń wá iyanrìn kiri nínú kọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo lè fi ojú dídì tò ó padà. Mo sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ pé n kì í ṣe ọ̀lẹ. Kò sí ẹni tó lè pè mí ní ọ̀lẹ lórí ìbọn yẹn, ohun tó sì ń dùn mí jù nìyẹn.

Lẹ́yìn gbogbo fífọ̀ yìí, irin gbọ́dọ̀ rí òróró. Òróró ìbọn tí wọ́n kó fún wa, agolo kékeré méjì ni, kò sì tó nǹkan kan lójú iyọ̀ tiwa. Nígbà tó tán, ọ̀gá kọ̀wé pé kí wọ́n fi òmíràn ránṣẹ́. Wọ́n ní ó ń bọ̀. Oṣù kan kọjá, ó tún kọ̀wé, wọ́n ní ó ti wà lọ́nà. Mo kórìíra "ó ń bọ̀" títí dòní. Bí ìyàwó mi bá sọ ọ́ nípa oúnjẹ, ojú mi á korò. Ọ̀sẹ̀ kejì tí òróró tán, mo fi àtàǹpàkò ra ìdérí ìbọn, ó pọ́n. Ó ti ń dógùn-ún.

Nílé wa, kò sí irin tó ń sùn láìjẹ òróró. Bí bàbá mi bá ti òkun dé, yóò fi omi aláìníyọ̀ ṣan ọ̀bẹ ẹja, ìwọ̀, àti gbogbo nọ́ọ̀tì tó wà lára ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, yóò gbẹ wọ́n, yóò sì fi àdín àgbọn pa wọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó ń wa ọkọ̀ èrò, ń ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Gbogbo etíkun wa ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyá mi ló ń sè é ní Màhíntẹ̀dó, láti ara àgbọn tí wọ́n ń kó wá láti Ararọ̀mí, níbi tí òkun ti ń wó àwọn igi àgbọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà n kò ronú lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi bá mi gba ìgò kan lọ́wọ́ ìyá wa.

Ìbọn náà dán. Ọ̀gá wa gbóòórùn rẹ̀, ó ní, "Kí lo fi pa á tó ń rùn bí ìrẹsì àgbọn báyìí?" Mo sọ fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ará omi ni mí lóòótọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, a yìn ín sójú omi láti dán an wò, ó dún láìkọsẹ̀ títí ọta fi tán lórí ẹ̀wọ̀n tí wọ́n tò ó sí. Inú mi dùn débi pé mo lọ sọ fún ìyá mi pé òróró rẹ̀ ló ń ṣọ́ gbogbo odò. Ẹ̀rín ló bú sí. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, gbogbo àdúgbò ti gbọ́ pé ìjọba ń fi àdín ìyá mi jagun. Láti ìgbà yẹn, ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni ìgò kan ń bá ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi dé. Á dúró lábẹ́ ibùdó wa, á na ìgò sókè sí mi, á ní, "Ṣójà, oúnjẹ ìyàwó ẹ rèé."

Ní àsìkò yẹn, àwọn olè ojú omi ti ń dà wá láàmú. Inú igbó ẹ̀gbà tó hù nínú ẹrẹ̀ etí odò ni wọ́n ń sá pamọ́ sí, wọ́n á jáde sí ọkọ̀ èrò láàárọ̀, wọ́n á tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lọ, ẹni tó bá ṣagídí á fara gbọta. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ti jókòó sílé. Ẹja ń jẹrà lọ́wọ́ àwọn obìnrin. Ẹ̀gbọ́n mi náà jókòó, ṣùgbọ́n ọmọ mẹ́rin ló ń bọ́, jíjókòó kò rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ó wá bá mi ní ibùdó, ó fi ọwọ́ kan ọ̀pá ìbọn bí ẹni ń kí i.

"Àbúrò mi, má tàn mí o," ó ní. "Tí wọ́n bá jáde sí mi, ṣé eléyìí á dún?"

"Á dún, Bọ̀ọ̀dá mi."

"Ṣé kí n gbé èrò?"

"Ẹ gbé èrò. Tí ẹ bá rí wọn, ẹ má wulẹ̀ yípadà. Ẹ máa sá bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Tí ẹ bá ti dé ibi tí mo ti lè rí yín, ó parí."

Ẹnu èmi ni ọ̀rọ̀ yẹn ti jáde. Kò sí ẹni tó bá mi sọ ọ́.

Ọyẹ́ kì í sábà mú lọ́dọ̀ wa bó ṣe ń mú lókè, ṣùgbọ́n lọ́dún yẹn ó mú. Ètè là, ọwọ́ sán, òwúrọ̀ tutù débi pé àwọn ṣójà ń fi kúbùsù bora jẹun. Ọ̀sẹ̀ yẹn, ìgò tí ìyá mi fi ránṣẹ́ kò kún, ìdajì ni. Ó ní àgbọn ti wọ́n. Mo rò ó pé afẹ́fẹ́ ọyẹ́ á gbé eruku wọ inú ìbọn, nítorí náà lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo fi òróró náà pa á ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo fún bóòtù ní tirẹ̀, mo fún sípíríǹgì ní tirẹ̀ títí ó fi ń kán. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo rí ìgò náà níbi ògiri. Òróró inú rẹ̀ ti dì, ó funfun bí ẹ̀kọ.

Mo rí i. Ọmọ tí wọ́n bí sí ilé àdín ni mí, láti kékeré ni ìyá mi ti ń sọ fún mi pé, "Ó ti dì, gbé e sóòrùn." Mo rí ìgò náà, mo ní lọ́kàn mi pé, ó ti dì, n óò gbé e sóòrùn tó bá yá. Mo sì lọ fọ ẹnu mi. Kò wá sí mi lọ́kàn rárá pé ohun tó wà nínú ìgò náà ló wà nínú ìbọn.

N kò tíì yọ pákò lẹ́nu tí mo fi gbọ́ ẹ́ńjìnnì ẹ̀gbọ́n mi. Mo mọ ohùn rẹ̀ láàárín ogún ẹ́ńjìnnì. Ó ń ké ju bó ṣe yẹ lọ. Mo sáré síwájú, mo rí ọkọ̀ rẹ̀ tó yọ níbi tí odò ti tẹ̀, èrò wà nínú rẹ̀, ọkọ̀ olè méjì sì ń lé e bọ̀. Kò yípadà. Ọ̀dọ̀ mi ló dorí kọ, bí mo ṣe ní kó ṣe. Ó ti rí mi, ó gbé ọwọ́ kan sókè.

Mo gbé ẹ̀wọ̀n ọta sí i, mo pa ìdérí dé, mo fa bóòtù sẹ́yìn. Ó ń bọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ṣíbí nínú ògì tó tutù. Mo tẹ ìbọn kó yìn. Ọta kan lọ. Ó dákẹ́. Mo fi ẹsẹ̀ ti àpò iyanrìn, mo fi gbogbo ara fa bóòtù, ọta kan tún lọ, ó tún dákẹ́. Mo ń fà á, mo ń bú u, mo ń bẹ̀ ẹ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń fi ìbọn ọwọ́ wọn yìn, ṣùgbọ́n ó jìnnà sí wọn. Àwọn olè rí i pé ìbọn ńlá kò sọ̀rọ̀. Wọ́n sún mọ́ ọn. Àwọn èrò ń bẹ́ sómi. Ẹ̀gbọ́n mi kò kúrò nídìí ẹ́ńjìnnì, ó ṣì ń wò mí, ó ṣì ń bọ̀, títí wọ́n fi yìnbọn lù ú.

Ọkọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Ó wá forí sọ òpó ibùdó, ẹ́ńjìnnì ṣì ń ṣiṣẹ́. Àwọn olè ti sá padà nígbà tí wọ́n dé ibi tí ìbọn ọwọ́ ti lè bá wọn. Gbogbo èrò yè. Èmi ni mo pa ẹ́ńjìnnì.

Lẹ́yìn tí a gbé òkú ẹ̀gbọ́n mi sórí pákó, ọ̀gá wa ní kí n tú ìbọn. Mo tú u. Funfun ni inú rẹ̀, ó dì mọ́ bóòtù, ó kún inú sípíríǹgì. Ọ̀gá fi èékánná ha á, ó wò ó, ó wò mí. Ó ní, "Ọta ló ti gbó. Ohun tí mo máa kọ nìyẹn, ohun tí ìwọ náà máa sọ nìyẹn." N kò mọ̀ bóyá èmi ló ń ṣàánú tàbí ara rẹ̀. Lọ́sàn-án, oòrùn mú, òróró náà yọ́ fúnra rẹ̀ lórí tapólì. Mo nù ún, mo tò ó, wọ́n ní kí n dán an wò. Ó dún láìkọsẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, mo sunkún bí ọmọdé.

Ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn ìsìnkú, òróró ìbọn dé, odidi páálí kan.

Nígbà tí mo lọ bá ìyá mi, mo ti pinnu pé n óò sọ òótọ́ fún un. Orí ìjókòó kékeré ló wà nídìí ààrò, kò dá iná. Kí n tó la ẹnu, ó ní, "Òróró ló tán nínú ìbọn yẹn, àbí?"

"Rárá, Màmá."

"Ìdajì ìgò ni mo fi rán an. Mo ní tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ n óò fi kún un. Ìdajì ìgò. Èmi ni mo pa ọmọ mi."

"Màmá, kì í ṣe òróró. Ọta ló ti gbó."

Ó mi orí. "O ń tù mí nínú ni. Èmi mọ ohun tí irin ń ṣe tí kò bá yó."

Ẹ bá mi wò ó. Bí mo bá sọ òótọ́ fún un, n óò gbé ẹ̀bi ìdajì ìgò kúrò lórí rẹ̀, n óò sì gbé odidi ìgò lé e. Ẹ̀bi tèmi ni, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ìyá tó máa gbọ́ pé òróró òun ló dì nínú ìbọn náà, tó máa wá dúró gbọ́ ìyókù? Mo dákẹ́. Ọdún kejì rèé tí mo ti ń dákẹ́, ìdákẹ́ náà kò sì fúyẹ́ sí i.

Mo ṣì ń tọ́jú ìbọn yẹn láràárọ̀, pẹ̀lú òróró ìjọba. Àmọ́ ìyá mi kò jáwọ́. Ní gbogbo Sátidé tí mo bá lọ kí i, ìgò kan ń dúró dè mí, ó kún dé ọrùn, ó ti fi ọ̀rá so ẹnu rẹ̀. Owó ẹja rẹ̀ ló fi ń wá àgbọn kiri báyìí, títí dé Òde Màhín. Ó máa ń gbé e lé mi lọ́wọ́ méjèèjì, á ní, "Ẹ má ṣahun rẹ̀ o. Ẹ fi pa á kó yó."

"A ń fi pa á, Màmá."

Tí mo bá ti dé ibi tí odò ti tẹ̀, tí n kò rí ilé rẹ̀ mọ́, mo máa ń pa ẹ́ńjìnnì, mo máa ń dà á sómi. Sátidé tó kọjá, ọyẹ́ ti padà. Ó ní kí n tètè lọ, òwúrọ̀ ṣì tutù. Mo dojú ìgò kọ omi, nǹkan kan kò jáde. Mo gbọ̀n ọ́n, mo fi ọwọ́ lu ìdí rẹ̀, ó funfun, ó dúró gbọn-in sínú ìgò. N kò lè gbé e dé ibùdó, n kò lè gbé e padà sílé. Mo jókòó sínú ọkọ̀, mo fi ìgò náà sáàárín itan mi, mo ń dúró de oòrùn.