Fọ́tò Ọkọ̀ Ojú Irin ní Sharjah

Ọdún méjìlélógún ni bàbá mi fi kó èédú sínú iná ọkọ̀ ojú irin, láti Ọ̀fà dé Jẹ́bà. Láàárín àwọn ọdún 1990, nígbà tí mò ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ ní Deira, ní ìlú Dubai, àìsàn dá wọn dúbúlẹ̀ nílé. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni mo máa ń pe fóònù aládùúgbò wa láti béèrè wọn. Ní Jímọ̀ méjì léra, ó ní Bàbá ń sùn.

Ẹ̀gbọ́n kan wà, ará àdúgbò wa l'Ọ́fà, tó máa ń wá ra ọjà ní Deira ní oṣù méjì méjì. Àwọn ló máa ń mú lẹ́tà Bàbá wá fún mi, tí wọ́n sì máa ń mú èsì padà. Lọ́tẹ̀ yìí, wọn ò mú nǹkan kan wá. Wọ́n ní ìkánjú làwọn fi kúrò nílé, pé Bàbá ń kí mi.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó yẹ kí wọ́n máa di ẹrù lọ́dọ̀ àwọn oníkágò, wọ́n ní kí n múra ká lọ sí Sharjah, ìlú tó múlé ti Dubai. Àwọn òyìnbó kan ń ṣe àfihàn ọkọ̀ ojú irin elédùú nínú ọgbà kan níbẹ̀.

Àwọn ọkọ̀ náà kéré. Èyí tó ga jù ò ju orúnkún mi lọ, ṣùgbọ́n èédú gidi ni wọ́n ń kó sí i, ó ń rú èéfín, ó sì ń fọn fèrè. Ṣe lèèyàn máa ń gun ẹ̀yìn rẹ̀ bí ẹni gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Ẹ̀gbọ́n, tí wọ́n sanra dáadáa, wò ó títí.

"Tí èmi bá lè jókòó sórí eléyìí," wọ́n ní, "gbogbo wa la máa sọ̀ kalẹ̀ tì í."

Wọ́n ra tíkẹ́ẹ̀tì méjì, wọn ò jẹ́ kí n mú owó jáde. Tíkẹ́ẹ̀tì kan, ẹ̀ẹ̀mejì lèèyàn á fi gùn ún. Èmi kọ́kọ́ gùn, àwọn bá mi di báàgì mú. Mo sọ iṣẹ́ bàbá mi fún òyìnbó àgbà tó ń wa ọkọ̀ náà, ló bá fún mi ní ṣọ́bìrì rẹ̀, tí kò tóbi ju ṣíbí ọbẹ̀ lọ. Mo da èédú sí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta, bí Bàbá ṣe kọ́ mi: díẹ̀díẹ̀, káàkiri, kì í ṣe ojú kan. Ẹnì kan ya fọ́tò wa, irú èyí tó ń jáde lójú ẹsẹ̀.

Mo fẹ́ ẹ títí ó fi gbẹ, mo nà án sí ẹ̀gbọ́n. Mo ní kí wọ́n bá mi mú un fún Bàbá, pé ṣọ́bìrì yẹn á pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n ò gbà á.

"Mú un dání. Ìwọ fúnra ẹ lo máa mú un lọ sílé."

Lọ́dọ̀ wa, a kì í ṣàdédé túfọ̀ ikú òbí fún ẹni tó wà lájò. Àgbà kan la máa ń rán lọ jókòó tì í. Èmi náà ti jẹ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún obìnrin kan rí: mo ra tíì fún un, mo sì bá a gbé báàgì kí n tó sọ ọ́.

"Ọjọ́ wo ni?" mo bi wọ́n.

"Ó di ọ̀sẹ̀ méjì lónìí. Àwọn ará ilé ní mi ò gbọdọ̀ sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Mo rò pé ọkọ̀ yìí á jẹ́ kí ó rọ̀ ẹ́ lọ́rùn."

Mi ò sunkún. Mo nu èédú ọwọ́ mi, ìka kọ̀ọ̀kan. Òyìnbó àgbà fọn fèrè. Tíkẹ́ẹ̀tì mi ṣì ku ẹ̀ẹ̀kan, mo bá lọ jókòó. Ẹ̀gbọ́n jókòó sẹ́yìn mi, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di ìbàdí mi mú. Ọkọ̀ náà gbé wa yí ọgbà po. Kò sẹ́ni tó tì í.