Àmín Tó Ń Pẹ́ Lójú Ọ̀nà

Àdúrà tí ẹnikẹ́ni kò ṣe àmín sí, lójú bàbá mi, ilẹ̀ ló bọ́ sí. Ìdí nìyí tí fóònù fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀ nílé wa ní Ìlá.

Wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún àbúrò mi obìnrin lókè òkun. Ẹ̀rù ń bà á, àdúrà bàbá nìkan ló ń béèrè. A kó ara wa jọ sí pálọ̀, a pè é lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, a gbé fóònù sórí tábìlì. Bàbá ṣàdúrà kan, àbúrò mi ṣe àmín. Ṣùgbọ́n àmín rẹ̀ máa ń pẹ́ lójú ọ̀nà. Ìgbà tó bá fi dé, bàbá ti wọ àdúrà mìíràn, fóònù á sì pa wọ́n lẹ́nu mọ́ kí ohùn ọmọ wọn lè jáde. Fóònù ọ̀hún kò lè sọ̀rọ̀ kó tún máa gbọ́.

"Bàbá mi, ohùn yín ń já o! Mi ò gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀!"

Mo ní kó dákẹ́, kó kó gbogbo àmín rẹ̀ jọ di ìparí. Bàbá wò mí tìkà-tẹ̀gbin.

"Ṣé ògiri ni kí n wá máa ṣàdúrà fún?"

Àbúrò mi bú sẹ́kún. Inú bí mi sí fóònù yẹn bí ẹni pé ènìyàn ni.

Lọ́jọ́ kejì, mo wọ mọ́tò lọ sí Òṣogbo, mo ra ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń so mọ́ fóònù, tí kò ju ìdérí ìkòkò lọ, tí máìkì yí ká. Ẹ wo ọgbọ́n! Ohùn tí ẹ̀rọ yìí bá fúnra rẹ̀ sọ síta, ó mọ̀ ọ́n. Á yọ ọ́ kúrò nínú ohun tó ń gbọ́, bí ìgbà téèyàn ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì, tiwa nìkan ni á fi ránṣẹ́. Ariwo fáànù àti ti ọ̀kadà ìta, kò bá wọn da nǹkan pọ̀. Orí ẹni tó ṣe é pé. Mo máa ń nù ún bí ẹni ń nu ọmọ tuntun.

Ó ku ọ̀la kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà, àdúrà bàbá dé ọ̀dọ̀ àbúrò mi láìjá. Àmín rẹ̀ ṣì ń pẹ́ o. Kò sí ẹ̀rọ tó lè sọ òkun di odò kékeré. Ṣùgbọ́n bàbá ti gbọ́n: tí tiwa bá ti parí, wọ́n á dákẹ́, wọ́n á gbọ́ tirẹ̀ kí wọ́n tó tẹ̀ síwájú.

Ara rẹ̀ yá. Lọ́dún tó kọjá, ó wálé wá ṣọdún, ó jókòó ti bàbá ní pálọ̀ kan náà. Bàbá ṣàdúrà, gbogbo wa ṣe àmín pọ̀, tòun tiwa. Bàbá bá dákẹ́, wọ́n dẹ etí sílẹ̀, wọ́n ń retí.

Àbúrò mi wò wọ́n lójú, ó sì ṣe àmín lẹ́ẹ̀kejì.