Ìjàpá, Ìyáálé Ilé Wa

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo jókòó síwájú ilé, mò ń ṣa ẹ̀wà, ni mo gbọ́ ìró kan tó ń bọ̀ láti ọ̀nà Sekona. Kì í ṣe ti kẹ̀kẹ́, kì í ṣe ti ọ̀kadà. Àwọn yẹn ti pọ̀ nígboro Ẹdẹ débi pé etí mi kì í kà wọ́n sí mọ́. Èyí ń wúkọ́, ó ń kùn, ó tún ń wúkọ́. Kí n tó gbójú sókè, ọkọ̀ ìjàpá kan ti ń kọjá, eruku ti bo gbogbo ara rẹ̀, bàbá arúgbó kan ló ń wà á, ó fi ọwọ́ kan di fìlà rẹ̀ mú kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e lọ. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Pólì tó háyà yàrá lọ́dọ̀ mi sáré jáde pẹ̀lú fóònù láti ya fọ́tò rẹ̀. Ó ní, “Màámi, ṣé irú èyí ṣì ń rìn?” Mo ní èmi náà ṣì ń rìn. Ó rẹ́rìn-ín, ó wọlé lọ, ṣùgbọ́n òórùn epo gbígbóná tí ọkọ̀ náà fi sílẹ̀ kò tètè lọ, n kò sì lè ṣa ẹ̀wà mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ kò bá ayé ìjàpá, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ọkọ̀ kékeré ni, ẹ̀yìn rẹ̀ rí roboto bí igbá tí a dojú rẹ̀ délẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fún un lórúkọ ẹranko náà. Ilẹ̀kùn méjì péré ló ní. Ẹ̀rọ rẹ̀ wà lẹ́yìn, ibi tí wọ́n ń kẹ́rù sí ló wà níwájú. Tísà ni bàbá mi, ìjàpá tirẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ aró, ó sì ti rà á kí wọ́n tó bí mi. Wọ́n ní lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gbé e délé, ìyá tó bí i, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, ní kó ṣí i kí òun rí ohun tó ń gbé e rìn. Bàbá mi ṣí iwájú. Ìyá Àgbà yọjú, kò rí nǹkan kan níbẹ̀ ju táyà lọ, ló bá káwọ́ lérí. Ó ní, “Làmídì, wọ́n ti yọ ẹ̀rọ rẹ̀ kí wọ́n tó tà á fún ọ.” Ó pẹ́ kí wọ́n tó mú un lọ sẹ́yìn lọ wò ó, ó sì pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó gbà pé nǹkan tó wà lẹ́yìn lè máa wa ọkọ̀ lọ síwájú.

Láàárọ̀ ọyẹ́, ìjàpá wa kì í fẹ́ jí. Bàbá mi á yí kọ́kọ́rọ́, yóò kùn díẹ̀, yóò dákẹ́. Kò sí ẹni tí yóò ké sí ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n gbogbo agbo ilé á jáde. Àwọn ìyá wa á fi orín sẹ́nu, wọ́n á so ìró wọn le, olúkúlùkù á sì mú ibi tó máa ń mú lára ọkọ̀ náà, nítorí kò sẹ́ni tó ń gba ipò ẹnìkejì rẹ̀. Àwa ọmọdé ń fọwọ́ kan ibikíbi tó bá kù. A ó tì í lọ sí ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wà níwájú ilé, yóò bú jáde lójijì, èéfín á bò wá, a ó sì hó yèè. Ẹni tó ti ti ọkọ̀ kan láti ọdún dé ọdún, ẹ lọ sọ fún un pé kì í ṣe òun ló ni ín. Ìjàpá yẹn gbé aboyún, ó gbé ìyàwó, ó gbé iṣu láti oko Alajue, ó sì gbé èmi lọ sílé ìwé ní gbogbo ọjọ́ tí òjò bá rọ̀.

Nílẹ̀ wa, obìnrin kì í pe ẹni tó bá nílé ọkọ lórúkọ, ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́. Orúkọ mìíràn ni yóò fún un. Obìnrin tó bá sì ti wọlé ṣáájú rẹ̀, ìyáálé rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí àbúrò bàbá mi gbé Ìyá Súlè níyàwó, ó bá ìjàpá lábẹ́ àtíbàbà tí wọ́n ṣe fún un, aláwàdà obìnrin sì ni. Ó ní òun kò lè máa pe ẹni tó ṣáájú òun délé ní ìjàpá bí ẹni pé ẹgbẹ́ ni àwọn. Láti ọjọ́ náà ló ti ń kúnlẹ̀ díẹ̀ bó bá ń kọjá lọ pọn omi, á ní, “Ẹ káàárọ̀, ìyáálé.” Gbogbo ìyàwó ilé gba orúkọ náà mọ́ ọn lẹ́nu. Nígbà tí mo fi ń gbọ́n, n kò mọ̀ pé ẹ̀fẹ̀ ni mọ́, mo rò pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kí ọkọ̀ níbi gbogbo.

Ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà ló da ìgbádùn yìí rú. Egbò kan yọ sí i lójúgun, ó kọ̀ kò san. Ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni bàbá mi ń gbé e lọ sí ọsibítù ní Òṣogbo kí wọ́n lè wẹ egbò náà kí wọ́n sì dì í. Dókítà kìlọ̀ pé bí wọ́n bá fi ìtọ́jú náà falẹ̀, àfàìmọ̀ kí wọ́n má gé ẹsẹ̀ yẹn. Ọ̀dọ̀ Ìyá Àgbà ni mò ń sùn nígbà náà, ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ náà gan-an ni orí mi máa ń wà, ọ̀rọ̀ gígé yìí sì kó mi láyà sókè. Tí mo bá ti jí, màá kọ́kọ́ wò ó bóyá ó ṣì wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìjàpá kì í ṣe ọkọ̀ aláìsàn. Ẹni tó bá fẹ́ jókòó sẹ́yìn gbọ́dọ̀ ká ara rẹ̀ kò. Ẹni tó bá jókòó síwájú kò ní àyè tí yóò na ẹsẹ̀ sí. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń ran Ìyá Àgbà lọ́wọ́ láti sọ̀kalẹ̀, egbò náà fi ara gbá etí ilẹ̀kùn. Kò pariwo. Ó kàn di ejìká bàbá mi mú, ẹ̀jẹ̀ sì ń kán sílẹ̀. Bàbá mi wo ẹ̀jẹ̀ náà. Ibẹ̀ ló ti pinnu ohun tó fẹ́ ṣe, kò sì fi lọ ẹnikẹ́ni, títí kan ìyá mi. Irú ènìyàn tó jẹ́ nìyẹn, tó bá fẹ́ ṣe ọ́ lóore, á fi pamọ́ bí ẹni tó jí nǹkan.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni, àwọn ọkùnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti mọ́ṣáláṣí dé, ni a gbọ́ fèrè ọkọ̀ níwájú ilé. Bàbá mi ló gbé ọkọ̀ funfun kan dé, tòkunbọ̀ tí wọ́n ti lò lókè òkun. Ọkọ̀ náà gùn gbọọrọ, ilẹ̀kùn rẹ̀ mẹ́rin, ẹ̀yìn rẹ̀ tún ṣí lọ sókè bí ìdérí àpótí. Bí o bá tẹ ìjókòó ẹ̀yìn, yóò sùn gbalaja, ènìyàn yóò sì lè na ẹsẹ̀ méjèèjì. Ẹni tó bá ní làákàyè yóò mọ̀ pé ọkọ̀ tó wúlò ni. Àwa ọmọdé kò ní làákàyè. Ọ̀kan nínú wa ní ó jọ èyí tí wọ́n fi ń gbé òkú, ìyá mi sì fi ojú bá a wí. Àwọn ìyàwó ilé jáde, wọ́n wo ọkọ̀ funfun, wọ́n wo ìjàpá lábẹ́ àtíbàbà rẹ̀, lẹ́yìn náà gbogbo wọn kọjú sí Ìyá Àgbà tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà.

Ìyá Àgbà ní, “Ọkọ̀ ta nìyí?”

Bàbá mi ní, “Tiyín ni, Ìyá. Ẹsẹ̀ yín ni mo rò tí mo fi rà á.”

“Ṣé ìyáálé gbọ́ sí i?”

Bàbá mi bú sẹ́rìn-ín. Òun nìkan ló rẹ́rìn-ín. Ní agbo ilé wa, wọn kì í mú ìyàwó wọlé kí ìyáálé má gbọ́. Òun ni wọ́n ń kọ́kọ́ fi lọ̀, òun náà ló sì ń gba ìyàwó, tí wọn yóò da omi sí i lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kó tó wọlé. Ìyá Súlè ti gbé igbá omi dání, ó rọra gbé e padà sídìí ìkòkò. Kò sẹ́ni tó ṣe àdúà sí ọkọ̀ náà, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ó dúró sínú oòrùn bí àlejò tí wọn kò fún ní àga.

Ọjọ́ ọsibítù pé. Ìyá Àgbà wẹ̀, ó wé gèlè, ó jókòó sórí àpótí rẹ̀, ó kọ̀, kò dìde lọ wọ ọkọ̀ funfun náà. Ẹsẹ̀ náà ti ń wú. Bàbá mi bẹ̀ ẹ́, ìyá mi bẹ̀ ẹ́, mo dúró lẹ́yìn ìyá mi, mo ń ro ọ̀rọ̀ dókítà. Níkẹyìn sùúrù tán nínú bàbá mi. Ó ní, “Ìyá, irin lásán mà ni.”

Ìyá Àgbà ní, “Mo mọ̀ pé irin ni. Ojú mi kò tíì fọ́.” Ó tún ní, “Lọ́jọ́ tí bàbá rẹ gbé ìyàwó kejì, oko ni mo ti ń bọ̀, mo ru ẹ̀gẹ́. Mo ń gbọ́ orin ìyàwó lọ́ọ̀ọ́kán. Mo bi wọ́n pé ìyàwó ta ni, wọ́n ń wo ara wọn lójú. Mo sọ ẹ̀gẹ́ kalẹ̀, èmi náà ni mo lọ bu omi tí wọ́n dà sí i lẹ́sẹ̀. N kò bá ọmọ yẹn jà o. Ọmọ dáadáa ni, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ ẹ, àwa méjèèjì la tọ́ ọ. Bàbá rẹ ni mo ń retí pé kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún mi. Mo retí títí ó fi kú. Ìwọ náà wá dákẹ́ sí mi, Làmídì.”

N kò tíì gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí, ẹlòmíràn náà kò gbọ́ ọ rí. Bàbá mi ṣí fìlà. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú iyẹ̀pẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò funfun tó fẹ́ wọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Ó ní, “Ẹ dárí jì mí, Ìyá. Ó yẹ kí n ti sọ fún yín. Ẹ̀jẹ̀ ọjọ́ yẹn ló dà mí lórí rú.”

Ìyá Àgbà ní, “Mo mọ̀. Dìde, o ti ba aṣọ jẹ́.” Ẹ̀rín wá ń bọ̀ lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. “Ó ku ẹnìkan tí o kò tíì sọ fún.”

Bẹ́ẹ̀ ni tísà, ẹni tí gbogbo ọmọ iléèwé ń bẹ̀rù, ṣe rìn lọ sábẹ́ àtíbàbà, tó gbé ọwọ́ lé orí ìjàpá, tó sì ní, “Ìyáálé, a ti mú ẹnìkejì wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa gbà á.” Ìyá Súlè ló dáhùn fún ìjàpá. Ó ní ìyáálé ní kò burú, kí àlejò máa wọlé. Ẹ̀rín sọ. Wọ́n bu omi, Ìyá Àgbà fúnra rẹ̀ tẹ̀ dúgbẹ̀dúgbẹ̀ lọ dà á sí ẹsẹ̀ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ṣàdúà, a ṣe àmín. Lẹ́yìn náà ló wọlé sínú ọkọ̀ funfun, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọọrọ lórí ìjókòó ẹ̀yìn, ó sì mí kanlẹ̀. Mo sunkún, n kò sì mọ̀ pé ayọ̀ ń mú ènìyàn sunkún kó tó di ọjọ́ náà.

Àgbẹ̀ kan ní Alajue ló ra ìjàpá. Àwọn ìyàwó ilé fi kànìnkànìn fọ̀ ọ́ kó tó lọ, Ìyá Súlè sì sun ẹkún ìyàwó fún un, àwàdà àti ẹkún gidi dàpọ̀ mọ́ra. Tòkunbọ̀ gbé Ìyá Àgbà lọ sí Òṣogbo títí egbò náà fi jiná. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ló fi rìn wá síbi ìgbéyàwó mi. Títí di òní, tí mo bá rántí ọkọ̀ funfun tí kò dùn ún wò yẹn, ọpẹ́ ló ń sọ lẹ́nu mi.

Nǹkan ti yí padà. Ilé onígéètì ti pọ̀ lágbègbè wa, ọkọ̀ ń jí fúnra rẹ̀ láàárọ̀, kò sẹ́ni tó ń pe aládùúgbò wá tì í. N kò ní purọ́ pé ayé ìgbà yẹn rọrùn ju èyí lọ. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ mi, ibi yòówù tí wọ́n bá wà, bí wọ́n bá fẹ́ ra nǹkan ńlá, wọ́n á pè mí. Mo mọ̀ pé wọ́n ti pinnu kí wọ́n tó pè. Síbẹ̀ wọ́n pè, inú mi sì máa ń dùn gan-an.

Ọ̀dọ̀ bàbá mi ni mo ti rí àṣà yìí. Nígbà tí ọkọ̀ funfun náà darúgbó, tí atọ́kọ̀ṣe ní kò ṣeé tún ṣe mọ́, Ìyá Àgbà ti kú. Mo wá kí àwọn ará ilé wa lọ́sàn-án ọjọ́ kan, n kò bá bàbá mi nínú yàrá rẹ̀. Yàrá Ìyá Àgbà ni mo ti bá a, ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ó jókòó sórí ẹní, ó sì kọjú sí àpótí tí ìyá rẹ̀ máa ń jókòó lé. Ó ní, “Ìyá, ọkọ̀ yẹn ti ń dá mi dúró lọ́nà. Mo fẹ́ wá òmíràn. Mo ní kí n kọ́kọ́ sọ fún yín.” Ó dúró díẹ̀, bí ẹni tó ń fún àgbàlagbà láyè láti ronú. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó wọ bàtà, ó sì lọ wá ọkọ̀ rà.