Àwọn Iṣan Tí Ìyàwó Mi Ní Kí Wọ́n Dá Sí

Oṣù mẹ́jọ ni mo fi mu àgbo jẹ̀díjẹ̀dí kí a tó mọ̀ pé jẹjẹrẹ ni. Ẹ̀jẹ̀ ń bá ìgbẹ́ mi jáde, ìyàwó mi sì dá ẹjọ́ náà láìpe ẹlẹ́rìí: ṣúgà ni. Iṣẹ́ télọ̀ ló ń ṣe níwájú ilé wa ní Sùúrùlérè. Ó kó gbogbo ṣúgà ilé, ó tì í mọ́ inú àpótí aṣọ àwọn oníbàárà rẹ̀. Èmi tí mo fi ogún ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní baọ́lọ́jì, mo ń mu àgbo, mo ń dúpẹ́.

Nígbà tí a wá dé ilé ìwòsàn, dókítà kan tí kò ju ọmọ kíláàsì mi àtijọ́ lọ sọ pé wọn yóò gé ìsàlẹ̀ ìfun mi, níbi tó kángun sí ìdí. Ọwọ́ rọ́bọ́ọ̀tì ni yóò gé e, òun yóò jókòó, yóò máa darí rẹ̀. Àwọn iṣan tín-ín-rín kan wà nítòsí ibẹ̀. Òun lè gbìyànjú láti dá wọn sí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà yóò pẹ́ sí i.

"Kí ni iṣẹ́ àwọn iṣan náà?" ìyàwó mi bi í.

Dókítà wo ògiri. "Ìtọ̀, mà. Àti... àwọn nǹkan mìíràn. Ṣùgbọ́n Bàbá ti bímọ tán, àbí?"

Mo mọ ìdáhùn. Mo ti ya àwòrán àwọn iṣan yẹn sójú pátákó rí. Ilẹ̀ ni mo ń wò.

"Ṣé ọmọ nìkan ni wọ́n ń fi í bí ni, dókítà?" ni ìyàwó mi wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá wọn sí. Bó bá máa pẹ́, kó pẹ́. Mo lè dúró."

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni àbúrò ìyàwó mi tó ń ta páàtì mọ́tò ní Ládìpọ̀ ní: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rọ tó fẹ́ gé yín yìí, tuntun ni àbí tòkunbọ̀?" Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ náà, ó dúró lóòótọ́. Orí bẹ́ǹṣì ló jókòó sí, ó ń rán bọ́tìnnì mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì oníbàárà. Dókítà jáde wá, ó ní àwọn iṣan náà pé pérépéré. Ó ní kí a ní sùúrù, nítorí wọ́n máa ń pẹ́ kí wọ́n tó jí.

A ní sùúrù. Oògùn mi ni ìyàwó mi ń kà láàárọ̀ lálẹ́. Kò sẹ́ni tó rántí láti yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru tirẹ̀ wò. Ní oṣù kẹrin, ó ṣubú nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, kò sì dìde mọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìsìnkú ni àwọn iṣan náà jí.

Nígbà tí mo padà lọ fún àyẹ̀wò, dókítà bi mí, ó tún ń wo ògiri: "Bàbá, àwọn nǹkan mìíràn yẹn ńkọ́?"

Mo yíjú sí àga ẹ̀gbẹ́ mi. Àpò mi ló wà lórí rẹ̀.

"Ó ń ṣiṣẹ́," ni mo wí.

Inú rẹ̀ dùn gan-an. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. "Ẹ bá mi kí Màmá, sà. Àwọn ni wọ́n ní ká dá àwọn iṣan náà sí."

Mo ní wọ́n á gbọ́.