Ìdajì Fọ́tò Alhaja

Aago mẹ́wàá àárọ̀ kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, lọ́jọ́ Sátidé kan nígbà ọyẹ́, ni Alhaja àdúgbò wa wọ gbọ̀ngàn ilé ìwé tí mo ti pàtẹ àwọn fọ́tò àtijọ́ ìlú Ọ̀fà. Mo rántí aago náà nítorí pé mo ń wò ó ṣáá ni, ẹ̀rù ń bà mí pé èèyàn ò ní í wá.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ agùnbánirọ̀ nígbà náà. Mo kàwé gboyè nínú ìmọ̀ ìtàn, n kò sì ríṣẹ́. Mo gbà pé bí mo bá kó fọ́tò àwọn àgbà jọ, ìlú yóò rí ara rẹ̀. Kí n má parọ́, mo fẹ́ kí ìlú rí èmi náà. Oṣù mẹ́ta ni mo fi gun ọ̀kadà láti ilé dé ilé, títí dé Ìjàgbó, tí mo ń tọrọ fọ́tò: òṣìṣẹ́ rélùwéè, ìyàwó tuntun, ọmọ ilé ìwé tí kò wọ bàtà. Ó rẹ̀ mí débi pé bí mo bá sùn, ojú àwọn òkú ni mo ń rí.

Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ Alhaja, ó tú tirẹ̀ jáde láti inú gèlè kan nísàlẹ̀ àpótí. "Má jẹ́ kómi kàn án o," ohun tó sọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọbìnrin kékeré méjì ló jókòó nínú fọ́tò náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Nígbà tí mo délé, mo wò ó dáadáa: àpá iwájú orí kan náà, aṣọ kan náà. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní onífọ́tò ayé ọjọ́un ti ṣe àṣìṣe, ó tẹ ọmọ kan lẹ́ẹ̀mejì. Férémù mi kò sì gbà á. Mo fi àlùmọ́gàjí gé e sí méjì, mo mú èyí tó ń rẹ́rìn-ín, mo sun ìyókù mọ́ pàǹtírí. Màmá mi a máa sọ pé ẹni tó bèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. N kò bèèrè.

Lọ́jọ́ Sátidé náà, àwọn bàbá méjì dúró síwájú fọ́tò kan, wọ́n ń bú ara wọn.

"Ìwọ rèé! Wo ṣòkòtò bí àpò sìmẹ́ńtì!"

"Tìẹ dà? Àbí o sá fún onífọ́tò ni?"

Alhaja ń bá wọn rẹ́rìn-ín títí ó fi dé iwájú tirẹ̀. Ó kọjú sí mi.

"Ọmọ mi, Táyé dà?"

"Ẹ̀yin náà ni wọ́n tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mà. Mo kàn bá yín tún un ṣe ni."

"O tún un ṣe." Ó wá àga jókòó. "Táyé kú kó tó ya fọ́tò kankan. Ìyá wa mú mi lọ sọ́dọ̀ onífọ́tò. Mo jókòó fún ara mi, wọ́n ní kí n sún sódì kejì, kí n jókòó fún Táyé. Ìyá mi ní kí n má rẹ́rìn-ín, Táyé kì í rẹ́rìn-ín."

Ọ̀kan nínú àwọn bàbá náà yíjú sí mi. "Bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ìbejì nìyẹn. O kàwé ìtàn, o ò mọ̀?"

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo yọ ìdajì tó kù nínú férémù, mo nà án sí Alhaja. Ó dá a padà.

"Èmi nìyẹn. Mo mọ ojú ara mi. Táyé ni mo máa ń wò."

Kò bú mi. Ká ní ó bú mi ni, ìtìjú náà ì bá ti rí ibì kan gbà jáde. Bí a bá pàdé ládùúgbò báyìí, ó ń ṣàdúrà fún mi, àmín tí mo ń ṣe sì ń wúwo lẹ́nu mi.

Ó ti pé ọdún méjì. Ojú Alhaja ti ń ṣe bàìbàì. Mo ti ní kámẹ́rà tèmi, mo sì máa ń rò ó pé kí n lọ bẹ̀ ẹ́ kó tún jókòó lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kan fún ara rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan fún Táyé, kí Táyé náà di àgbà. Lọ́jọ́ kan, ó máa ń jọ mí lójú pé àtúnṣe tó wà nìyẹn. Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀rù á bà mí pé ọgbẹ́ ni mo fẹ́ lọ hú, kí ọkàn tèmi lè fúyẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ jù mí lọ, tí ẹ sì mọ ohun tí ìbejì jẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n lọ kan ilẹ̀kùn Alhaja, àbí kí n fi í sílẹ̀?