Ẹ̀wù Ọdẹ Tí Kò Wọ́n

Bàbá tó ń ta àlòkù ẹrù ọdẹ nídìí ibùdókọ̀ lẹ́nu débi pé ó lè ta bàtà ẹsẹ̀ kan fún ẹni tó lẹ́sẹ̀ méjì. Ẹnu yẹn náà ló fi ta ẹ̀wù fún àbúrò ẹ̀. Ẹ̀wù pupa tó hàn ketekete ni àbúrò fẹ́, àmọ́ owó ọwọ́ ẹ̀ ò ká a. Bàbá bá já ọ̀kan tó rí bí ewé gbígbẹ kúrò lórí ìkọ́. Ó ní, "Mú èyí, jàre. Ẹranko kankan ò ní rí ẹ nínú ẹ̀."

Lóòótọ́, ẹranko ò rí i. Ọdẹ ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ náà ò rí i. Igbó tó ń mì ló rí, ló bá yìnbọn.

Lónìí, ìyàwó àbúrò gbé ẹ̀wù náà wá. Ó ti fọ̀ ọ́, ó sì ti rán ojú ihò tó wà lẹ́yìn ẹ̀ pa.

"Bọ̀dá, ẹ bá mi tà á. Àwọn ọmọ ò tíì padà sílé ìwé."

Bàbá ò lè kọ̀. Ó gbé e kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pupa.

Kò pẹ́ tí oníbàárà kan fi wọlé. Ó di pupa mú, ó gbọ́ iye ẹ̀, ó yáa fi í sílẹ̀. Ló bá wọ ti àbúrò, ó yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì.

"Bàbá, ṣé ẹranko ò ní rí mi báyìí?"

Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í tún bàtà tó wà nílẹ̀ tò. Ìyàwó àbúrò, tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ló dáhùn láìgbójú sókè:

"Kò sẹ́ni tó máa rí yín."

Oníbàárà bú sẹ́rìn-ín, ó ki ọwọ́ bọ àpò.